Ta Ló Ṣáná sí Ìfun? Àgbéyẹ̀wò lórí Bakitéríà Inú àti Àrùn Ìfun Wíwú

Ní Ṣáṣá, ní Alímọ̀ṣọ́ nílùú Èkó, ẹni tí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ bá ti ń dà láàmú fún oṣù mẹ́ta á ti gbọ́ orúkọ tó tó mẹ́ta fún àìsàn kan ṣoṣo kó tó dé iwájú dókítà tó mọ̀ nípa ìfun. Alágbo ẹ̀bá títì á pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Kẹ́místì á ní àmíbà ni, á sì di Flagyl fún un. Ẹlòmíràn á ní taifọ́ọ̀dù tí kò tíì tán lára ni. Ọ̀kan nínú wọn lè tọ̀nà, nítorí àmíbà àti taifọ́ọ̀dù wà ní Alímọ̀ṣọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kẹrin kan wà tí ẹnu kì í sábà dá: àrùn ìfun wíwú, tí àwọn dókítà ń pè ní IBD.

Oríṣi méjì pàtàkì ló ní. Èkíní ni ulcerative colitis, ọgbẹ́ tó ń jẹ awọ inú ìfun ńlá láti ìdí lọ sókè. Samuel Wilks ló lo orúkọ yẹn ní London ní 1859. Èkejì ni àrùn Crohn, tó lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, tó sì máa ń wọ ara ògiri ìfun lọ jinlẹ̀. Burrill Crohn, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní New York ní 1932. Méjèèjì a máa rọlẹ̀, wọn a sì tún ru. Ẹni tó bá ní wọn, títí ayé ni yóò máa bójú tó wọn.

Bakitéríà inú ara ènìyàn kan tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38, ìfun ńlá sì ni èyí tó pọ̀ jù lára wọn ń gbé. Pé wọ́n wà níbi tí iná ti ń jó kì í ṣe àríyànjiyàn mọ́. Ipò tí wọ́n wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kò ti dọ́gba: ṣé àwọn ló ṣáná ni, àbí igi ìdáná lásán ni wọ́n, àbí àwọn gan-an ni iná lé kúrò nílé?

Ibi tí ẹnu ti kò

Ẹ̀rí méjì wà tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí gbà. Àkọ́kọ́ wá láti ara eku. Ní 1993, àwọn onímọ̀ ní Jámánì mú eku jáde tí kò ní IL-10, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara fi ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ìfun àwọn eku náà wú. Nígbà tí wọ́n wá tọ́ irú eku bẹ́ẹ̀ níbi tí bakitéríà kankan kò ti lè kàn wọ́n, ìfun wọn kò wú. Ìgbà tí wọ́n dá bakitéríà padà sí wọn lára ni àìsàn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí kejì wá láti ara ènìyàn, ní Leuven ní orílẹ̀-èdè Belgium. Wọ́n gé ibi tí àrùn Crohn bà jẹ́ kúrò, wọ́n so ìfun pọ̀, wọ́n sì darí ohun tó ń ṣàn nínú rẹ̀ gba ibòmíràn, kó má baà kan ojú ibi tí wọ́n rán. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 1991 fi hàn pé àrùn kò padà síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìṣàn kò dé ibẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n dá ìṣàn padà tó fi dé. Ní 1998, ilé ìwòsàn kan náà da omi ìfun aláìsàn fúnra rẹ̀ sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ náà, wíwú sì ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ.

Láìsí ohun tó ń gbé inú ìfun, iná kò jó. Ẹ̀rí náà kò kọjá ibẹ̀, òun sì ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń túmọ̀ lọ́nà tirẹ̀.

Àwọn tó ń wá ọ̀daràn kan ṣoṣo

Èrò yìí ló rọrùn jù láti lóye. A ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ rí nínú ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ inú: ata àti àròjù la dá lẹ́bi fún ọdún gbọọrọ, kí Barry Marshall àti Robin Warren tó fi hàn pé bakitéríà kan, Helicobacter pylori, ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2005.

Ẹni tí wọ́n fura sí pẹ́ jù nínú àrùn Crohn ni Mycobacterium avium paratuberculosis, ìbátan kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ìfun màlúù ló máa ń mú, tí màlúù á máa yàgbẹ́ gbuuru, tí á sì máa rù. Ní 1913, Thomas Kennedy Dalziel, oníṣẹ́ abẹ kan ní Glasgow, rí àwọn ènìyàn tí ìfun wọn jọ ti irú màlúù bẹ́ẹ̀. Ní 1984, Rodrick Chiodini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hu kòkòrò náà jáde láti inú ẹran ara àwọn aláìsàn Crohn. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìwádìí ti rí i lára aláìsàn ju ara ẹni tí kò ṣàìsàn lọ.

Agbára èrò yìí ni pé a lè dán an wò: bí kòkòrò kan bá ni, pa kòkòrò náà, kí àrùn lọ. Wọ́n dán an wò ní Australia. Aláìsàn 213 ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì fún àwọn kan ní oògùn apakòkòrò mẹ́ta pọ̀ fún ọdún méjì. Èsì jáde ní 2007: ara àwọn tó lo oògùn kọ́kọ́ balẹ̀ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò dúró. Ìdánwò mìíràn tó tẹ̀ lé e rí àǹfààní díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ náà kò fi tíì tán. Àmọ́ oògùn yẹn kì í pa kòkòrò kan ṣoṣo. Yóò gbá gbogbo ará àdúgbò lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn onígbàgbọ́ èrò yìí kò tíì dáhùn tẹ́ mi lọ́rùn: bí àrùn tí kòkòrò kan ń fà ni, èéṣe tí oògùn tó ń dín agbára ẹ̀ṣọ́ ara kù fi ń wo aláìsàn sàn dípò kó pa á?

Ọ̀dọ̀ Arlette Darfeuille-Michaud ní Clermont-Ferrand ní Faransé ni ìfura kejì ti wá, lórí irú E. coli kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ìfun kékeré tí á sì wọ inú rẹ̀. Ó pọ̀ lára àwọn aláìsàn Crohn ju ara àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí nǹkan kan kò ṣe náà. Ní tèmi, ó jọ ẹni tó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí ju ẹni tó fọ́ ilẹ̀kùn lọ.

Àwọn tó ní ìlú ló dàrú

Èyí ni èrò tó gbilẹ̀ jù lónìí. Kò wá ọ̀daràn kankan. Ohun tó ń wò ni ìṣètò àwùjọ bakitéríà. Nínú ìfun tó dá, oríṣi pọ̀, kálukú sì mọ ipò rẹ̀. Nínú àrùn ìfun wíwú, oríṣi dín kù, àwọn tó ń ṣe ara lóore a máa sá, àwọn ìbátan E. coli a sì máa gbilẹ̀. Ní 2008, Harry Sokol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé fi hàn pé Faecalibacterium prausnitzii dín kù lára àwọn aláìsàn Crohn kan, àti pé àwọn tí bakitéríà náà kéré lára wọn ni àrùn tètè ń padà sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bakitéríà yìí wà lára àwọn tó ń sọ fáíbà oúnjẹ di butyrate, èyí tí awọ ìfun ńlá fi ń ṣe oúnjẹ. Ní 2019, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé ènìyàn 132 fún ọdún kan, ó sì rí i pé bí àrùn bá ń ru, àwùjọ náà a máa yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ bí ọjà tí ìjà dé.

Ibi tí èrò yìí ti rọ ni ọ̀rọ̀ ta ló ṣáájú. Ìfun tó bá wú a máa tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti èròjà nitrate sílẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an sì ni àwọn ìbátan E. coli fi ń gbilẹ̀. Ìwádìí kan lára eku ní 2013 ló fi ti nitrate hàn gbangba. Nígbà náà, ìdàrúdàpọ̀ lè jẹ́ èérú iná, kó má jẹ́ ìṣáná. Ìwádìí ilẹ̀ Kánádà kan ti wá fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yìí ní ìdáhùn tó nípọn. Wọ́n gba ìgbẹ́ àwọn ìbátan aláìsàn Crohn, ènìyàn tó lé ní 3,000, nígbà tí ara wọn ṣì le, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023, bakitéríà àwọn tí àrùn padà mú ti yàtọ̀ ṣáájú kí àmì kankan tó yọ. Síbẹ̀, wíwú tí kò tíì hàn síta náà lè ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò wà lábẹ́ orí yìí pẹ̀lú. Ní Sweden, níbi tí ìwé ìjọba ti ń kọ gbogbo oògùn tí oníṣègùn bá fúnni sílẹ̀, ìwádìí 2020 rí i pé ewu àrùn náà ń pọ̀ sí i bí iye ìgbà tí ènìyàn lo apakòkòrò bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ó ṣòro fún mi láti ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n má ronú kan àwọn kẹ́místì wa, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ra apakòkòrò láìní ìwé dókítà, tí káàdì kan á sì tán kí ìrora inú ọjọ́ méjì tó lọ. Àmọ́ ẹ̀rí náà ní ìhà kejì: àwọn tí àrùn ti ń yọ́ mú lè ti máa lo apakòkòrò nítorí ìrora tí wọn kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí àwọn àgbà ń sọ

Kò yẹ kí àgbéyẹ̀wò tí Yorùbá ń kà fo èyí. Anthony Buckley tẹ ìwé Yoruba Medicine jáde ní 1985, lẹ́yìn tó ti jókòó ti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé aràn àti kòkòrò ní àpò tí wọ́n ń gbé nínú ara, pé wọ́n wúlò níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá mọ níwọ̀n, àti pé ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù tí wọ́n kún àpò ni àìsàn ń dé. Oúnjẹ dídùn jù wà lára ohun tó ń mú wọn kún àpò; ẹni tó bá mọ̀ pé ṣúgà la sábà ń dá lẹ́bi fún jẹ̀díjẹ̀dí yóò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ìmọ̀ yìí ti kọjá “kòkòrò ni ọ̀tá”. Ó mọ ìwọ̀n, ó sì mọ ipò, ohun méjì tí ilé ìwádìí òde òní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Àléébù rẹ̀ wà nínú ìtọ́jú tó ń tẹ̀ lé e. Àgbo jẹ̀dí sábà máa ń ṣí ni nínú, ìfun tó ti lọ́gbẹ́ kò sì nílò ohun tí yóò tún fọ̀ ọ́. Orúkọ kan ṣoṣo, jẹ̀díjẹ̀dí, tún ń bo ìdí yíyọ, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ọgbẹ́ ìfun àti jẹjẹrẹ ìfun mọ́lẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ní ẹ̀ṣọ́ ara ló ṣìnà

Fún àwọn wọ̀nyí, bakitéríà kò yí padà kó tó di àrùn. Ojú tí ara fi ń wò wọ́n ló yí padà. Ní 2001, ìwádìí méjì tó jáde pọ̀ fi hàn pé jíìnì kan, NOD2, tó ń ran ara lọ́wọ́ láti dá bakitéríà mọ̀, ní àbùkù lára ọ̀pọ̀ aláìsàn Crohn. Ó ti lé ní igba ibi nínú jíìnì tí wọ́n ti so mọ́ àrùn náà báyìí, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ mọ́ bí ara ṣe ń bá kòkòrò gbé.

Èrò yìí lágbára, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró. Àwọn ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ wà tí àrùn mú ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀. Jíìnì kì í sì í yí padà láàárín ìran kan, bẹ́ẹ̀ iye àwọn tó ń ṣàìsàn náà ti fò sókè ní Éṣíà láàárín ogójì ọdún. Fún wa, àléébù mìíràn ṣì wà: ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Àbùkù NOD2 tí wọ́n mọ̀ dáadáa ṣọ̀wọ́n lára àwa ọmọ Áfíríkà. Ní 2017, ìwádìí kan lára àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà rí àwọn ibi mìíràn tí kò hàn lára àwọn aláwọ̀ funfun.

Aràn, ìdọ̀tí àti ọ̀rẹ́ àtijọ́

Ní 1989, David Strachan ní Britain wòye pé ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n púpọ̀ kì í sábà ní àìsàn ara tí ń yún. Láti ibẹ̀ ni èrò ti jáde pé ara tí kò bá rí kòkòrò tó ní kékeré kì í kọ́ sùúrù. Wọ́n nà án dé ọ̀rọ̀ ìfun. Ní Iowa ní 2005, wọ́n fún àwọn aláìsàn ní ẹyin aràn ẹlẹ́dẹ̀ mu, ara àwọn kan sì rọlẹ̀. Àwọn ìdánwò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àrùn Crohn lẹ́yìn náà kò rí àǹfààní. Síbẹ̀, H. pylori, ọ̀daràn ọgbẹ́ inú, kéré lára àwọn aláìsàn IBD ju ara àwọn ẹlòmíràn lọ, ó sì wọ́pọ̀ gan-an ní Nàìjíríà.

Ẹ̀rí tó gbé èrò yìí dúró jù ni ti àwọn tó ṣí kúrò nílé. Ní Ontario ní Kánádà, bí ènìyàn bá ṣe kéré tó nígbà tó débẹ̀ ni ewu àrùn ń pọ̀ tó, ọmọ tí wọ́n sì bí síbẹ̀ lè sún mọ́ àwọn onílé. Nǹkan kan ní ìgbà èwe ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí náà ń yìn, ẹni tó bá sì tìtorí rẹ̀ fi omi kòtò fọ́mọ mu ti ṣì í gbọ́ pátápátá. Ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ nílẹ̀ yìí; IBD kò tíì sún mọ́ ọn.

Oúnjẹ

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan Áfíríkà tààrà. Ní 2010, Carlotta De Filippo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìgbẹ́ àwọn ọmọdé Boulpon ní Burkina Faso wé ti àwọn ọmọ Florence ní Ítálì. Àwọn ọmọ Boulpon ń jẹ ọkà bàbà, jéró àti ẹ̀wà. Prevotella, tó ń da fáíbà, kún inú wọn. Ní 2018, Funmilola Ayeni ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ wa, láàárín àwọn Bassa tó ń gbé abúlé àti àwọn ará ìlú ńlá. Ìyàtọ̀ hàn, kì í sì í ṣe lára àgbà nìkan: àwọn ọmọ ọwọ́ ti yàtọ̀. Ní 2015, wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ fún ogún adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àti ogún ará abúlé South Africa fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Lóòótọ́, ewu jẹjẹrẹ ìfun ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n butyrate àti àmì wíwú yí padà ní ìhà méjèèjì.

Ní ọdún yẹn kan náà, ìwádìí kan lára eku fi hàn pé èròjà tí ilé iṣẹ́ fi ń po oúnjẹ pọ̀ lè jẹ́ kí bakitéríà sún mọ́ ògiri ìfun jù. Ó dùn ún gbọ́ fún ẹni tó ti ń ṣàníyàn pé oúnjẹ inú ọ̀rá àti ti inú agolo ń gba ipò ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà tó ń dojú èrò yìí rú. Àwọn ọmọ tó ní àrùn Crohn máa ń gbádùn bí wọ́n bá mu oúnjẹ olómi ilé ìwòsàn nìkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti oògùn sítẹ́rọ́ìdì. Púpọ̀ nínú oúnjẹ olómi yìí kò ní fáíbà, ó sì ní èròjà ilé iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ohun tí a yọ kúrò lẹ́nu ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ohun tí a fi sí i.

Ní ti ògì, omidún àti wàrà, bakitéríà inú wọn lè bá kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru jà nínú ilé ìwádìí. Èyí kò tíì sọ pé wọ́n ń wo ọgbẹ́ ìfun sàn.

Bí a bá pààrọ̀ àwùjọ náà ńkọ́?

Ọ̀nà tó ṣe tààrà jù láti dán ẹ̀sùn bakitéríà wò ni kí a gba ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, kí a sẹ́ ẹ, kí a fi sínú ìfun aláìsàn. Fún àrùn tí Clostridioides difficile ń fà, ó ń ṣiṣẹ́ bí idán. Fún ulcerative colitis, ìdánwò méjì jáde ní 2015: ti Kánádà rí àǹfààní, ti Netherlands kò rí i. Ní 2017, ìdánwò kan ní Australia lára ènìyàn 81 rí ìtura pátápátá lára ìpín 27 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìgbẹ́ náà, nígbà tí àwọn tó gba ayédèrú jẹ́ ìpín 8. Bí bakitéríà bá jẹ́ igi ìdáná lásán, ìyàtọ̀ yìí ì bá má tó bẹ́ẹ̀. Bí àwọn nìkan bá sì ni, ì bá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé ó ṣọ̀wọ́n níbí lóòótọ́?

Gbogbo ẹ̀kọ́ nípa aràn, ìdọ̀tí àti oúnjẹ ló gbẹ́kẹ̀ lé gbólóhùn kan: pé àrùn náà kò pọ̀ ní Áfíríkà. Àwọn dókítà Nàìjíríà ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ará Zaria tẹ ìwádìí jáde ní 2011 tí àkọlé rẹ̀ béèrè bóyá ó ṣì ṣọ̀wọ́n. Ní 2012, Olusegun Alatise àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù orílẹ̀-èdè yìí. Iye tí wọ́n ń rí kéré, àmọ́ wọ́n ń rí i.

Kámẹ́rà tí wọ́n ń tì bọ ìdí wo ìfun ló ń fìdí àrùn náà múlẹ̀, pẹ̀lú ẹran ara tí wọ́n gé wò. Láti Ṣáṣá, irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí ìrìn àjò lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìkẹjà tàbí Ìdí-Àràbà, àti owó tí púpọ̀ ènìyàn kò ní. Ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun tún jọ Crohn bí ìbejì. Sítẹ́rọ́ìdì tó ń wo Crohn lè tú ikọ́ ẹ̀gbẹ sílẹ̀ kálẹ̀ nínú ara, ó sì lè jẹ́ kí aràn Strongyloides pa ènìyàn. Mo gbà pé àrùn náà kò pọ̀ níbí tó ti Yúróòpù. N kò gbà pé ó ṣọ̀wọ́n tó bí ìwé ṣe ń sọ.

Ohun tó ṣì wà nílẹ̀

Ta ló ṣáájú, ìdàrúdàpọ̀ ni àbí wíwú? Ìwádìí Kánádà sún wa mọ́ ọn, kò mú wa débẹ̀. Bóyá àrùn kan ṣoṣo tilẹ̀ ni à ń sọ kò dájú. Àrùn Crohn ti Akówonjo ní Alímọ̀ṣọ́ lè ní ìṣáná tó yàtọ̀ sí ti Toronto.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ohun tí a ó pè ní ìfun tó dá. Àkójọ ńlá tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2025 nípa bakitéríà inú àwọn ọmọ Áfíríkà lo ìgbẹ́ obìnrin 1,801 láti Burkina Faso, Ghana, Kenya àti South Africa. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Àwọn bakitéríà bíi Treponema, tó wọ́pọ̀ lára àwọn ará oko, a máa dín kù bí ìlú bá ṣe ń di ńlá. Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ oko ní ìgbà ayé àwọn tó ṣì wà láàyè. Ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ni ìkànìyàn 2006 bá níbẹ̀. Bóyá àwọn ọmọ tí à ń bí ní ilé ìwòsàn Ìgàndò lónìí ṣì ń gba irú bakitéríà tí ìyá wọn àgbà gbé wá láti oko, bóyá pípòórá rẹ̀ yóò sì mú ìfun wíwú wá tàbí kò ní mú nǹkan kan wá, ìgbẹ́ wọn tí a bá gbà sílẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, tí a sì ṣọ́ fún ogún ọdún, nìkan ló lè sọ.